Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà: Ẹja Pípa, Atọ́nà àti Ìmọ̀ Tí Ó Wà Lójú Omi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìrìn orí ilẹ̀ nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Bí a bá wò ó dáadáa, ojú omi gan-an ni ó ti wúlò jù. Orí ilẹ̀ a máa ní ojú ẹsẹ̀. Ẹni tó kọjá lánàá á fi ipa sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lónìí. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó kọjá láàárọ̀, kí oòrùn tó là, omi ti pa ipa rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá rin ojú omi ní láti ní atọ́nà, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ atọ́nà. Ọ̀rọ̀ atọ́nà yìí ni àròkọ yìí dá lé lórí: ta ni ó mọ omi, èdè wo ni ó fi mọ̀ ọ́n, ta sì ni yóò gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá lọ?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ atọ́nà ojú omi di iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja nínú adágún tí kò mọ̀ yóò bẹ atọ́nà lọ́wẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí ààbọ̀ ọjọ́. Atọ́nà ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó ni ìwọ̀ àti ọ̀pá, òun náà ni ó mọ ibi tí ẹja wà. Ní ìpínlẹ̀ Texas, ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gbé ọkọ̀ kí ó máa gbowó lọ́wọ́ àlejò. Atọ́nà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, apẹja náà a sì gba tirẹ̀. Owó tí wọ́n ń san fún ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré, ó máa ń tó ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà mélòó kan. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé owó náà lè ra ẹja tí yóò kún fìríìjì. Kí wá ni wọ́n ń rà? Ìmọ̀ ni wọ́n ń rà. Ẹja kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ìmọ̀ náà kì í ṣe irọ́ ni.

Irú ẹja méjì ni àwọn atọ́nà wọ̀nyí sábà máa ń lé nínú omi tí kò ní iyọ̀. Èkíní ni wọ́n ń pè ní bass. Ẹnu rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ dà bí ewé tútù, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdẹ ni nínú omi: a máa ba sẹ́yìn kùkùté tàbí sábẹ́ ewéko, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹja kékeré bá ti ń kọjá, ó di gbàù! Èkejì ni crappie. Ó pẹlẹbẹ, ó funfun, ó sì ní àmì dúdú tóótòòtó lára. Awọ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, nítorí náà ẹni tó bá fi agbára fa ìwọ̀ yóò fa ẹnu ẹja ya, ẹja yóò sì bọ́ lọ. Wọ́n fẹ́ràn crappie púpọ̀ fún jíjẹ, ṣùgbọ́n ní ti bass, ọ̀pọ̀ apẹja ni ó máa ń mú un, tí yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò sì dá a padà sínú omi láàyè.

Adágún kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ni Lake Fork, ní ìlà-oòrùn ìlú Dallas. Odò ni wọ́n sé mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní 1980 ni iṣẹ́ ìdídò náà parí, omi sì bo ilẹ̀ tí ó tó éékà 27,690. Ohun méjì ni àwọn tó mọ̀ nípa ẹja ṣe níbẹ̀. Wọn kò gé gbogbo igi inú igbó náà kúrò kí omi tó bò ó. Wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀ lóòró kí ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti tọ́jú ọmọ bass láti ìran tó ń dàgbà tóbi sínú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà níbẹ̀ kí adágún tó kún. Wọ́n tún ṣòfin: bass tí gígùn rẹ̀ bá wà láàárín íǹṣì 16 sí 24, ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ dá a padà, nítorí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ń bímọ.

Àǹfààní rẹ̀ hàn kíákíá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, atọ́nà kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mark Stevenson fi ìwọ̀ fa bass kan tí ó tó kìlógíráàmù 8. Kò jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ẹja náà fún ìjọba láti tọ́jú, láti ìgbà náà ni ètò kan sì ti wà ní Texas tí àwọn apẹja fi ń yá ìjọba ní ẹja ńlá kí ó lè bímọ sínú àwọn adágún. Ní oṣù kìíní ọdún 1992, ọkùnrin mìíràn, Barry St. Clair, lọ wá crappie nínú adágún kan náà. Ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi ṣe ìjẹ. Bass ni ó gbé ìjẹ náà mì, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 18.18, ìyẹn ju kìlógíráàmù 8 lọ díẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí bass tí wọ́n fọwọ́ sí ní Texas tí ó tóbi jù ú lọ. Ohun tí ó ń wá kọ́ ni ó rí. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Àgídìngbì nínú ọ̀rọ̀ ẹja Amẹ́ríkà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn bàbá kan tí ó ń gbé àdúgbò náà. Wọ́n bí i sí abúlé apẹja kan létí ọ̀sà Lẹ́kìí, níhà Ẹ̀pẹ́. Bí ó ti ń di ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó wá sí Ìkẹjà láti wá iṣẹ́, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbilẹ̀ láti Ìkẹjà títí dé Agége. Ó rí iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ó sì lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní Àgídìngbì ni ó kọ́lé sí, níbẹ̀ ni ó ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń jí sí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òórùn kòkó láti ilé-iṣẹ́ Cadbury. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Dallas bímọ, bàbá lọ kí wọn. Ọkọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe é lálejò tó dùn, ó sì rántí pé ọmọ apẹja ni àna òun. Ó bá atọ́nà kan sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta sì wọkọ̀ ní Lake Fork ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan.

Bàbá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Ó ń wo atọ́nà. Ó rí i pé ọkùnrin náà ń wo atẹ́gùn kí ó tó yan ibi tí yóò dorí ọkọ̀ kọ. Ó rí i pé ó ń wo bí omi ti gbóná tó, nítorí pé ní òpin ìgbà òtútù, bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ẹja méjèèjì á fi ibú sílẹ̀, wọn á wá sí etí omi láti yé ẹyin. Akọ ni ó ń ṣọ́ ẹyin náà, bí wọ́n bá sì gbé e kúrò nídìí rẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké á wá kó ẹyin jẹ. Gbogbo èyí ni atọ́nà ń ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn án.

Nígbà tí ó ṣe, atọ́nà pa ẹ́ńjìnnì. Ó na ọwọ́ sí ohun dúdú kan tó hàn nínú ẹ̀rọ náà, ó ní ẹ̀ka igi àti ọparun ni òun fúnra òun dì pọ̀ tí òun rì síbẹ̀, nítorí pé crappie fẹ́ràn láti máa kó jọ sáàárín ẹ̀ka. Ó ní ojú ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí òun ń fi han gbogbo ènìyàn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ọkọ ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Ọmọ mi, ohun tí ọkùnrin yìí ń fi ẹ̀rọ wò, ọ̀pá ni bàbá mi fi ń wò ó. Igi tí ó sì ní òun rì yìí, àwa náà ń rì í."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ojú atọ́nà là. Ó fẹ́ mọ̀ sí i. Irú igi wo ni? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó? Oṣù mélòó ni ẹ̀ka náà ń lò nínú omi kí ẹja tó kún ibẹ̀? Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí Yorùbá ni ó fi kọ́ ọ. Ó dárúkọ ìgèrè, ó dárúkọ ọ̀bọ̀kún, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá wá ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ti le. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí ìgboro Èkó, tó kàwé gboyè, tó gbọ́ Yorùbá ilé àti tọjà, kò mọ ohun tí ìgèrè jẹ́. Kò mọ ọ̀bọ̀kún yàtọ̀ sí àrọ̀. Ó wo àna rẹ̀, ó wo atọ́nà, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?" Bàbá kò ní orúkọ mìíràn tí ó lè pè é. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀, àárín wọn ni okùn já sí.

Ohun tí bàbá náà sọ kì í ṣe àsọdùn. Ní àwọn ọ̀sà ilẹ̀ Benin, pàápàá ní adágún Nokoué níbi tí abúlé Ganvié wà lórí omi, iṣẹ́ ìrìgi yìí ti pẹ́ púpọ̀. Acadja ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn apẹja á gún ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn, wọn yóò fi wọ́n pamọ́ tímọ́tímọ́ bí ọgbà. Láìpẹ́, ohun ọ̀bẹ̀dò á hù sí ara igi náà. Ẹja á wá jẹ ẹ́, á sá pamọ́ sáàárín rẹ̀, á sì bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn á fi àwọ̀n yí ọgbà náà ká, wọn á yọ igi kúrò, wọn á sì kó ẹja. Epìà àti ọ̀bọ̀kún ni ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1972, onímọ̀ nípa ẹja kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robin Welcomme kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ti ń tọ́ka sí i láti ìgbà náà. Irú ọgbà ẹja bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀sà Èkó pẹ̀lú.

Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni wọ́n ń gé fún un, bí igi bá sì tán, etí omi á máa ya. Ẹ̀ka tó jẹrà á máa di ẹrọ̀fọ̀, ọ̀sà á sì máa kún. Ìjà tún máa ń wáyé lórí ẹni tó ni ojú omi. Ṣùgbọ́n àléébù wọ̀nyí gan-an ni ó fi hàn pé ìmọ̀ ni, nítorí ìmọ̀ nìkan ni ènìyàn lè lò lálòjù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún irú iṣẹ́ yìí ní orúkọ, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ìjọba fúnra rẹ̀ ń rì igi fún ẹja. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é ní aláìmọ̀wé.

Ọ̀sà Lẹ́kìí tí bàbá náà ti wá kì í ṣe omi kékeré. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú-lóròó, odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, omi rẹ̀ kò sì ní iyọ̀ bíi ti ọ̀sà Èkó. Kò jìn púpọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pá fi lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Àwọn ẹja tó mọ́ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lára wà níbẹ̀: ọ̀bọ̀kún, epìà, àrọ̀, àti ẹja ọ̀sàn tó gùn bí ejò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúṣẹ́mijù ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèwádìí lórí ọ̀bọ̀kún ọ̀sà yìí láti àwọn ọdún 1970, wọ́n wo ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń bímọ. Iṣẹ́ tó níyì ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn tó mọ ọ̀bọ̀kún jù kò sì lè kà á.

Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ihò fún yíyé ẹyin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé ọparun tó ní ihò, tí wọ́n ń rì í sísàlẹ̀ omi. Akọ àti abo á wọ inú rẹ̀, apẹja á rọra fi ọwọ́ dí ẹnu méjèèjì, á sì gbé e sókè. Bàbá náà rántí pé bí bàbá òun bá gbé irú ọparun bẹ́ẹ̀ sókè tí ó rí i pé ẹyin ti wà nínú rẹ̀, a máa dá a padà nígbà mìíràn, a máa gbé e jẹ nígbà mìíràn, bí ebi bá ti tó nílé ni. Ó tún rántí pé bàbá rẹ̀ kì í fún ojú ìgèrè pọ̀ jù, kí ọmọ ẹja lè rí ọ̀nà jáde. Kò sí òfin ìjọba kankan tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò padà wá sí omi kan náà lọ́dún tó ń bọ̀ ni.

Ohun kan wà tí bàbá náà kò gbà ní Lake Fork. Nígbà tí wọ́n mú bass kan tó wúwo, tí atọ́nà sì rọra dá a padà sínú omi, ó ṣe é bákan. Ó ní nílé àwọn, a kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà tó rò. Ẹni tó yó ni ó lè máa pa ẹja fún ìgbádùn, ebi kì í jẹ́ kí tálákà dá ẹja padà. Síbẹ̀, ní adágún kan náà, òfin kan wà fún àwọn oṣù òtútù tó sọ pé crappie tí ẹni bá fà kò gbọ́dọ̀ dá padà, kékeré tàbí ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ibú ni crappie máa ń wà ní àkókò náà, bí wọ́n bá sì fà á sókè lójijì, inú rẹ̀ á wú, bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà yóò kú. Nígbà tí atọ́nà ṣàlàyé èyí, bàbá mi orí. Òfin tó mọ ìwà ẹja ni, ó jọ ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá sọ.

Kí ló dé tí ìmọ̀ náà kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀? Kì í ṣe pé ó kórìíra iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó wà nílé ìwé, ẹni tó bá lọ sí odò dípò kíláàsì ni wọ́n ń nà. Wọ́n ń sọ fún wọn pé bí wọn kò bá kàwé, ẹja ni wọn yóò máa pa. Ẹja pípa di èpè lẹ́nu olùkọ́. Nígbà tí ó dé Àgídìngbì, ẹ̀rọ ni ó ń bọ́ ọ, sàréè omi kò sì sí nítòsí. Ẹja tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ni èyí tó ń ti inú yìnyín jáde: Títù, kòtẹ́, ṣáwá, pánla. Òkú Èkó ni àwọn ará òkè ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o láàyè rí. Ọmọ tó ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ tí kò lè dárúkọ ẹja odò márùn-ún ní èdè abínibí rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ni.

Nígbà tí bàbá padà dé láti Amẹ́ríkà, ó lọ sí abúlé rẹ̀. Àwọn apẹja ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n fún un ní ọ̀bọ̀kún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó fẹ́ bi léèrè ti lọ sí ibi àgbà ń rè. Ó ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pe ibi kan nínú ọ̀sà, ibi tí ẹja máa ń kó jọ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní àwọn mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ojú ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ewéko orí omi tó wọlé láti ilẹ̀ Benin gba Badagry ní 1984 ti di ìdààmú fún àwọn ọlọ́kọ̀. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba mọ̀. Níhà òkun, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti dìde: èbúté Lẹ́kìí àti ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí àwọn méjèèjì ní 2023. Nígbà kan, ọmọ apẹja ni ó ń fi omi sílẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ni ó ń bọ̀ wá bá apẹja létí omi.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ará etí ọ̀sà nìkan ni èyí. Ọmọ Àgídìngbì náà ń mu omi adágún, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ìdídò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ni Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí ní 1983. Adágún rẹ̀ tó kìlómítà 40 níbùú-lóròó, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, odò Ògùn yìí náà ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Adíyàn ti ń fa omi fún Èkó. Àwọn apẹja ń gbé ní àwọn abúlé tó yí Ọ̀yán ká. Àwọn olùwádìí sì ti fi hàn láti ọdún pípẹ́ pé àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé náà, nítorí ìgbín kékeré inú omi tó ń gbé kòkòrò rẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú omi náà ni ó ń kó o. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Èyí náà jẹ́ ìdí tí àlejò fi nílò atọ́nà. Kì í ṣe ibi tí ẹja wà nìkan ni atọ́nà ń mọ̀, ó ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wà nílẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tó nílò owó púpọ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí ẹja pípa parí sí ìlà méjì nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá àgbà kan tó mọ omi, ìbáà ṣe bàbá àgbà rẹ̀, ìbáà ṣe ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà. Kí ó kọ orúkọ ẹja mẹ́wàá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, ohun èlò tí wọ́n fi ń mú wọn, àti àsìkò tí wọ́n ń pọ̀. Bí orúkọ Ìlàjẹ bá yàtọ̀ sí ti Ẹ̀pẹ́, kí ó kọ méjèèjì. Bí ẹ bá lè kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ọ̀yán, ẹ gba apẹja kan gẹ́gẹ́ bí atọ́nà, kí ẹ sì san owó fún un bí ẹ ó ti san fún olùkọ́ àlejò. Kí gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù amúnilefòó kí wọ́n tó wọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgídìngbì tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí àwọn mìíràn kò ní: Rédíò Èkó wà ládùúgbò wọn, Yorùbá ni wọ́n sì ń fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohùn apẹja kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lórí fóònù yẹ ní gbígbé dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ má rò pé ẹ ti pẹ́ jù tàbí pé ẹ kéré jù. Atọ́nà Lake Fork kò bí ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Ó béèrè, ó wò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún béèrè. Bàbá Àgídìngbì ti bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń kọ àwọn orúkọ tí ó bá ń rántí sínú rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Dallas. Ìyẹn náà ń bi í léèrè pẹ̀lú sùúrù: "Dádì, ìgèrè yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń hun ún?" Ìbéèrè náà pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ láyé. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni kò ní bá ẹnikẹ́ni mọ́ bí ó bá fi ọdún mẹ́wàá sí i pẹ́. Àwọn àgbà ní tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ká a, kíkán ni yóò kán.